Ẹran Kan Tó Lé Lórí Òǹkà

Ní àárọ̀ Sátidé kejì nínú oṣù kọkànlá, Weldon Voges mu kọfí rẹ̀ lórí ìdúró, ó sì sọ fún Nelda ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ wo páìpù omi tó ń jò ní ìsàlẹ̀ oko, pé kó tó dín ẹyin tán òun á ti dé. Ó gbé ìbọn dání. Kò sí ohun àjèjì nínú ìyẹn. Ní agbègbè olókè Texas tí wọ́n ń gbé, ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti hú koríko ìjẹko wọn bàjẹ́ káàkiri, ẹni tó bá sì rí wọn lórí ilẹ̀ rẹ̀ lè yìnbọn sí wọn nígbà tó bá wù ú. Ẹlẹ́dẹ̀ ni Weldon ní lọ́kàn. Ká ní ẹnìkan sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà pé òun ni yóò ba ohun tí ìdílé mẹ́ta fi ọdún mọ́kànlá kọ́ jẹ́, ẹ̀rín ni ì bá fi onítọ̀hún rín.

Ìdílé mẹ́ta ni oko wọn pààlà níbẹ̀. Weldon ni àkọ́kọ́. Burl Hodges, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi, ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni Eusebio Arredondo, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí gbogbo wọn ń pè ní Don Eusebio nítorí ọ̀wọ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló la oko wọn sọ́tọ̀. Wáyà yìí ń dá màlúù dúró, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín kan ò kà á sí. Àgbọ̀nrín lè sùn lórí ilẹ̀ Weldon, kó lọ mumi nínú ìsun tó wà lórí ilẹ̀ Don Eusebio, kó sì jẹun lórí ilẹ̀ Burl kí oòrùn tó mú.

Tẹ́lẹ̀ rí, èyí tí kálukú bá rí ló ń pa. Bí akọ kékeré kan bá jáde, ẹni tó rí i á ní bí òun bá fi í sílẹ̀, aládùúgbò òun á pa á, nítorí náà kí òun yáa pa á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí tí kò fi sí akọ tó ju ọdún méjì lọ mọ́ nínú gbogbo igbó náà. Weldon fúnra rẹ̀ ló dìde. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń ṣàlàyé, títí tí wọ́n fi gbà láti máa ṣe é pọ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo oṣù kẹjọ ni wọ́n ń so kámẹ́rà mọ́ igi fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n á ka akọ, abo àti ọmọ. Marisela Pruitt, obìnrin onímọ̀ nípa ẹran igbó tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń rán sí wọn, á wo àwọn àwòrán náà, á sì sọ iye tí igbó lè yọ̀ǹda lọ́dún náà. Akọ kan péré ni ìdílé kọ̀ọ̀kan lè pa lọ́dún, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọmọ ọdún márùn-ún. Iye abo tí wọ́n á pa náà ní òǹkà, nítorí bí abo bá pọ̀ jù, wọ́n á jẹ ewé igbó tán, ebi á sì pa gbogbo wọn nígbà ọ̀dá. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa ẹran gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Weldon ni akọ̀wé.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkọ ọmọ rẹ̀ ti wá láti ìlú, ó sì ti pa akọ kan tó jẹ́ ti ìdílé wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìgbà ọdẹ ṣí. Weldon fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó dí páìpù náà tán, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, nígbà tí akọ àgbọ̀nrín kan rọra yọ láàárín igi sídà. Weldon mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti òsì funfun dé orúnkún bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀, ìdí nìyí tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Oníbọ̀sẹ̀. Wọ́n ti ń rí i nínú kámẹ́rà láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Ìwo rẹ̀ gbòòrò, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ kò tíì sọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó gùn ju ara rẹ̀ lọ, bí ti ẹran tí kò tíì dàgbà tán. Marisela ti ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọdún méjì kó lè bímọ sínú igbó dáadáa. Gbogbo wọn gbà. Weldon kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ lójú kan náà ni ohun tó ti fi ọdún mọ́kànlá sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n má ṣe sọ mọ́. Ó ní bí òun bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíràn á pa á. Burl ń retí àlejò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Don Eusebio pàápàá ti fi ṣe àwàdà nígbà ìpàdé, ó ní, “Bí n ò bá pa Oníbọ̀sẹ̀ lọ́dún yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ lè máa fi àwòrán ẹ̀ hàn mí ní ibojì?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín nígbà náà. Weldon gbé ìbọn sójú.

Ẹran náà kò ṣubú. Ó fò, ó sáré, ó ré kọjá wáyà bọ́ sórí ilẹ̀ Don Eusebio. Ní ilẹ̀ Texas, bí ẹran tí o ta bá sá wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn, o ní láti gba àṣẹ onílẹ̀ kí o tó tẹ̀ lé e. Weldon mọ̀ bẹ́ẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà nínú àpò. Kò pè é. Ó gba abẹ́ wáyà kọjá, ó ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀, ó sì bá ẹran náà lábẹ́ igi kan, ó ti kú. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé orí rẹ̀. Títí di òní, kò lè sọ bóyá ìwo ló fẹ́ ni tàbí kí ẹnikẹ́ni má baà dá ẹran náà mọ̀. Kò tilẹ̀ rántí ẹsẹ̀ funfun. Ó gbé orí náà padà, ó sì sọ ọ́ sínú kànga gbígbẹ kan lẹ́yìn ahoro ilé bàbá àgbà rẹ̀. Ó fi ara ẹran náà sílẹ̀, gbogbo ẹran ara rẹ̀ tó tó bọ́ ìdílé kan fún oṣù méjì.

Nígbà tó délé, ẹyin ti tutù. Nelda ní òun gbọ́ ìró ìbọn. Weldon ní ẹlẹ́dẹ̀ ni, pé ọta òun kò bà á.

Ọjọ́ kẹta, Don Eusebio rí igún tó ń yí po lókè igbó rẹ̀. Ó lọ wò ó, ó sì bá òkú ẹran tí kò lórí. Ọkùnrin náà kò fi pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pe Burl, ló pe Weldon, ló ní kí wọ́n wá rí ohun tí ẹnìkan ṣe sórí ilẹ̀ òun. Burl bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá ewé kúrò lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì rí i pé ó funfun dé orúnkún.

Lọ́jọ́bọ, wọ́n pàdé nínú abà Burl. Weldon jókòó sídìí tábìlì, ó ṣí ìwé, ó mú bírò. Ó ti pinnu lójú ọ̀nà pé òun á sọ ọ́. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ṣùgbọ́n Burl ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Don Eusebio, ẹ má bínú, orí ilẹ̀ yín ló kú sí.”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo pè yín.”

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ kú láì pa á.”

Bàbá náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. “Àwàdà ni mo ṣe, Burl. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Bí mo bá fẹ́ jalè, ṣé máa pè yín wá wo ohun tí mo jí ni?”

Burl ní àwọn kan máa ń ké kí wọ́n má baà fura sí wọn. Don Eusebio yí sí Weldon.

“Weldon. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tá a ti ń ṣe aládùúgbò. O mọ̀ mí. Sọ nǹkan kan.”

Weldon wo ìwé iwájú rẹ̀. Ó ní, “Don Eusebio, ẹ jẹ́ ká kàn kọ ohun tá a rí.” Ó sì kọ ọ́: Oníbọ̀sẹ̀, wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí ilẹ̀ Arredondo, a kò mọ ẹni tó pa á. Gbogbo ohun tó kọ ló jẹ́ òótọ́, àfi gbólóhùn tó kẹ́yìn. Bàbá náà mú fìlà rẹ̀, ó ní ó dáa, ó sì jáde.

Weldon rò pé òun á sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, ó rò pé ó yẹ kó jẹ́ lẹ́yìn ìsinmi Ìdúpẹ́ tí wọ́n ń ṣe lópin oṣù náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọ̀rọ̀ náà ti di méjì: pé ó pa ẹran, àti pé ó jẹ́ kí wọ́n pe ẹlòmíràn lólè. Èkejì yìí wúwo ju èkíní lọ, ojoojúmọ́ ló sì ń wúwo sí i.

Òfófó kò pẹ́ dé inú ọjà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn kò sọ nǹkan kan sí Don Eusebio, ṣùgbọ́n àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Nelda àti Delfina, ìyàwó Don Eusebio, ti jọ máa ń ṣe tamale ní oṣù Kérésì, tí wọ́n á jókòó sídìí ìkòkò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa fi èèpo àgbàdo di ìyẹ̀fun àti ẹran, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọmọ wọn. Lọ́dún náà Nelda kò lọ. Ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá òótọ́ ni pé bàbá náà ló pa ẹran ọ̀hún. Weldon ní òun ò mọ̀. Nelda ní ó dáa, òun á kàn ní ẹ̀yìn ń dun òun. Weldon gbọ́ bó ṣe ń parọ́ náà fún Delfina lórí fóònù. Ó jáde lọ síbi màlúù, ó sì dúró síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Nígbà tí ìgbà ìrúwé dé, Don Eusebio fi ìwé ráńṣẹ́ pé òun ti kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó fi igbó rẹ̀ háyà fún àwọn ọdẹ kan láti ìlú ńlá fún ọdún mẹ́ta. Ó ní bí wọ́n bá ti pe òun lólè tán, kí ni òun tún ń ṣọ́. Nígbà tí ìgbà ọdẹ tún ṣí, àwọn àlejò náà ò mọ òǹkà kankan ju èyí tí òfin ìpínlẹ̀ fi lélẹ̀ lọ. Etí ìsun tí gbogbo ẹran ti ń mumi ni wọ́n kọ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yìnbọn sí. Burl gbọ́ ìró ìbọn wọn láàárọ̀ kan, ó pe Weldon, ó ní, “Ọ̀rẹ́, ta la wá ń tọ́jú wọn fún? Èmi náà á pa tèmi.” Ó sì pa mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún méjì.

Ní oṣù kẹjọ tó tẹ̀ lé e, Marisela wá jókòó ní tábìlì ilé ìdáná Weldon, ó to àwòrán kámẹ́rà kalẹ̀. Nelda gbé tíì tútù síwájú rẹ̀. Obìnrin náà kò pariwo, ó kàn ń fi ìka tọ́ka.

Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Voges, ẹ wò ó. Nígbà tí ẹ wà papọ̀, akọ tó ti pé ọdún márùn-ún sókè tí à ń rí kì í dín ní mẹ́rìnlá. Lọ́dún yìí, méjì ni mo rí. Abo pọ̀ ju akọ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn abo kan ò ní tètè lóyún, ọmọ wọn á sì bọ́ sí àárín ẹ̀rùn, wọ́n á kú.”

“Ṣé kò lè padà bọ̀ sípò?”

“Ó lè padà. Bí gbogbo yín bá dúró báyìí, tẹ́nikẹ́ni ò sì pa akọ kékeré mọ́, á gba ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ò lè dá a ṣe. Ilẹ̀ yín kò tó fún akọ kan ṣoṣo láti fi rìn. Ẹ nílò Arredondo.” Ó wá kó àwòrán rẹ̀ jọ, ó ní, “Mo fẹ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ yín o. Mò ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ọdẹ, ìwé yín ni mo sì fẹ́ máa fi hàn wọ́n. Gbogbo àgbègbè yìí, mi ò rí ìwé tó ṣòótọ́ tó tiyín.”

Weldon dìde. Ó ní òun ń bọ̀. Ó lọ síbi sínkì, ó ṣí omi, ó sì dúró síbẹ̀, omi ń dà. Nígbà tó yíjú padà, ó ní, “Ẹ má lò ó. Irọ́ wà nínú ẹ̀. Èmi ni mo pa Oníbọ̀sẹ̀.”

Marisela ni ó kọ́kọ́ là á yé e, ní ohùn pẹ̀lẹ́, pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ẹgbẹ́. Ó ní wíwọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ jẹ́ ẹ̀sùn kan, fífi ẹran tó ṣeé jẹ sílẹ̀ kó jẹrà jẹ́ ẹ̀sùn kejì, àìsọ ẹran tó pa fún ìjọba jẹ́ ìkẹta. Ó ní òun ò ní lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ó sàn kí Weldon fúnra rẹ̀ pe aṣọ́gbó ìjọba kí òun tó pè é. Ó mú àpò rẹ̀, ó sì lọ.

Nelda ṣì jókòó. Ojú rẹ̀ ò kúrò lórí tábìlì.

“Mo bi ẹ́ léèrè,” ó ní. “Ní yàrá yìí. Mo ní ṣé òótọ́ ni.”

“O bi mí.”

“O jẹ́ kí n pa Delfina tì, Weldon. Nígbà tí àbúrò ẹ̀ kú ní oṣù kejì, mi ò lọ. Mo rí mọ́tò àwọn tó lọ kí i, mo wakọ̀ kọjá. Torí ẹ.”

Weldon fẹ́ di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, obìnrin náà fà á kúrò. Ó ní kó lọ bá bàbá náà kó tó pe ẹnikẹ́ni, pé kò gbọdọ̀ jẹ́ lẹ́nu ìjọba ni Don Eusebio á ti gbọ́ ọ.

Don Eusebio wà lẹ́nu géètì rẹ̀, ó ń so wáyà tó já. Weldon sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì fi nǹkan kan pamọ́: páìpù, ìbọn, wáyà tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kànga gbígbẹ. Bàbá náà ń so wáyà rẹ̀ lọ. Nígbà tí Weldon parí ọ̀rọ̀, bàbá náà gbé píláyà sílẹ̀.

“Mo mọ̀,” ó ní.

“Ẹ mọ̀ kẹ̀?”

“Láti ọjọ́ tá a wà ní abà. Mo ní kí o sọ nǹkan kan, o wolẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan á wo ojú mi.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́, Don Eusebio?”

“Ta ni máa sọ fún? Ìwọ ló ń kọ ìwé.” Bàbá náà nu òógùn ojú. “Mò ń retí kí o wá. Oṣù kan, mo ní ó ń tijú ni, á wá. Nígbà tó di ìgbà ìrúwé, mo ní kò ní wá mọ́. Mo bínú, mo gbé igbó mi fún àwọn tí mi ò mọ̀. Èmi náà mọ̀ pé ohun tí mo ṣe yẹn ò dáa fún ẹran. Mò ń gbọ́ ìbọn wọn, inú mi ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ sí ìwé.”

Weldon ní kó dárí ji òun. Don Eusebio ní òun ti gbọ́. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tó ń di ènìyàn sínú, ṣùgbọ́n kó má retí pé kí òun rẹ́rìn-ín sí i lọ́la. Lẹ́yìn náà ó mú píláyà rẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Aṣọ́gbó dé ní ọjọ́ kejì. Ó gba ìbọn, ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sínú kànga pẹ̀lú okùn, ó sì gbé egungun orí náà jáde. Èkúté ti jẹ ìdajì ìwo tí ọkùnrin yìí torí rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé e, wọ́n gba ìwé àṣẹ ọdẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìlú. Gbogbo ìyẹn kò dùn ún tó ìpàdé tó tẹ̀ lé e, nígbà tó dúró níwájú Burl àti àwọn ẹbí wọn, tó sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n pè lólè kò jalè, tó sì fi ìwé akọ̀wé lé wọn lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Burl wakọ̀ lọ sílé Arredondo láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún tirẹ̀.

Ó lé ní ọdún kan tó ṣì kù nínú háyà àwọn ọdẹ ìlú ńlá náà. Don Eusebio ti ní bó bá parí, òun á wá jókòó pẹ̀lú wọn, òun á gbọ́ ohun tí wọ́n ní láti sọ. Kò ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nelda lọ bá Delfina. Delfina ṣílẹ̀kùn fún un, ó gbà á láyè láti jókòó, ó sì gbọ́ gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kérésì, àwọn obìnrin ẹbí Delfina ló bá a ṣe tamale. Wọn kò pe Nelda.

Ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ àgbọ̀nrín ni ìwọ àti àwọn ará àdúgbò rẹ jọ ní. Ó lè jẹ́ ìgalà àti òyà inú igbó ìlú yín, ó lè jẹ́ ẹja inú odò tí abúlé mẹ́ta ń pa, ó lè jẹ́ omi kànga kan ṣoṣo. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ jókòó papọ̀, ẹ ka ohun tí ẹ ní, ẹ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ sì fi iye kan sí ohun tí ẹ á máa mú níbẹ̀ lọ́dún. Ẹ fi èyí tó kéré sílẹ̀ kó dàgbà. Ẹ fi èyí tó lóyún àti èyí tó ń tọ́mọ sílẹ̀. Bí o bá ti ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹran kan. Weldon Voges fi ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án dúró. Igbó wọn lè padà bọ̀ sípò ní ọdún mẹ́fà, bí òjò bá rọ̀. Ti àárín òun àti àwọn èèyàn tó pa lára, Marisela kò ní kámẹ́rà tó lè ka iye ọdún tó máa gbà.